Ọjọ́ Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Kan Kọ̀ Láti Gún Abẹ́rẹ́

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí wọ́n fi mí ṣe olùkọ́ àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì rántí pé lọ́dún náà, kò sí ẹni tí mo gbẹ́kẹ̀ lé tó ara mi. Láàárín ọdún 1980 sí 1990 ni, nígbà tí Ìwó ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ilé ẹ̀kọ́ wa kò sí nínú ìlú, ṣùgbọ́n a máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá sí ilé ìwòsàn kan ní Ìwó kí wọ́n lè fi ọwọ́ ara wọn ṣe ohun tí wọ́n ti kà nínú ìwé. Nítorí pé ọmọ bíbí Ìwó ni mí, èmi ni wọ́n ní kí n máa bá wọn wá. Ilé aáfà ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa, mo sì gbà pé ṣe ni wọ́n bí iṣẹ́ olùkọ́ mọ́ mi.

Ohun tí mo fi ń mọ akẹ́kọ̀ọ́ tó dáńgájíá nígbà náà ni fọ́ọ̀mù kan. Ogún ìlà ló wà lára rẹ̀, ìgbésẹ̀ kan lórí ìlà kan. Ṣé ó fọ ọwọ́? Ṣé ó ka orúkọ aláìsàn? Ṣé ó fa oògùn náà bó ti yẹ? Ṣé ó lé afẹ́fẹ́ jáde nínú abẹ́rẹ́? Èmi á dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn pẹ̀lú aago lọ́wọ́ òsì àti bírò pupa lọ́wọ́ ọ̀tún, màá sì máa fa ìlà bí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe é. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá pé, ó parí. Mo fẹ́ràn fọ́ọ̀mù yẹn gan-an. Ó mọ́ tónítóní, kò sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé mo ṣe ojúsàájú. Ohun kan ṣoṣo tí n kò kíyè sí ni pé n kì í wo ojú aláìsàn. Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni mò ń wò.

Ìyá wọ́ọ̀dù, ìyẹn àgbà nọ́ọ̀sì tó ń ṣe àkóso wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin níbẹ̀, kò fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo iṣẹ́. Ó ti ń tọ́jú aláìsàn kí wọ́n tó bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Bó bá fẹ́ mọ bí ọgbọ́n ọmọ kan ti tó, ṣe ni yóò mú un lọ sí ìdí ibùsùn, tí yóò ní, “Kí lo rí?” Bí ọmọ náà bá dáhùn, yóò ní, “Kí lo rò pé ó fà á?” Lẹ́yìn náà ló máa ń bi í pé kí ló fẹ́ ṣe. Kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, mo ka ọ̀nà rẹ̀ sí ìtàkúrọ̀sọ. Mo tilẹ̀ ti sọ fún ẹnì kan rí pé ọ̀nà àwọn tí kò kàwé púpọ̀ ni. Kí Ọlọ́run fi orí jì mí.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà nínú àwọn tí mo kó wá lọ́dún náà tí ó wá láti Kuta, ìlú kan nítòsí Ìwó. Ọmọ náà kò lọ́gbọ́n lórí ni èrò mi, nítorí kì í yára. Kó tó débi àwo oògùn, á ti kí aláìsàn, á ti bi í bó ṣe sùn, á ti fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀. Nítorí èyí, àkókò tán mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà ìdánwò àkọ́kọ́, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò yege. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ náà pé bí ó bá ń bá gbogbo aláìsàn dọ́rẹ̀ẹ́, ta ni yóò wá ṣiṣẹ́? Ó kúnlẹ̀, ó ní kí n má bínú. Òfin ilé ẹ̀kọ́ wa ni pé ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdánwò ìdí ibùsùn yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé. Ìyá ọmọ náà, tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tó ń ṣe gàrí ní Kuta, ti wá kí mi lẹ́ẹ̀kan. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi, mo gbá a mú, ó ní òun fi ọmọ òun lé mi lọ́wọ́. Nítorí náà, mo mọ ohun tó wà nílẹ̀ dáadáa bí ìdánwò kejì ti ń bọ̀.

Inú oṣù ààwẹ̀ ni ọjọ́ náà bọ́ sí. Òjò ti ń rọ̀ láti ìyálẹ̀ta, wọ́ọ̀dù tutù débi pé àwọn aláìsàn fa ìbora dé ọrùn. Èmi náà ń gbààwẹ̀, ọ̀fun mi sì ti gbẹ. Aláìsàn tí a yàn fún ìdánwò ọmọ Kuta ni ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Odò-Orí. Àtọ̀gbẹ ló ń bá a jà, egbò ẹsẹ̀ tí kò tètè jiná ló sì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gún un ní abẹ́rẹ́ tí ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ abẹ́rẹ́ yìí: ẹni tí a bá gún un fún gbọ́dọ̀ jẹun. Bí kò bá jẹun, ṣúgà ara rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, á máa gbọ̀n, á máa làágùn, ó lè dákú, ó sì lè ti ibẹ̀ kú.

Ládàánì ń pe ìrun Àsárì ní mọ́sálásí tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn nígbà tí mo tẹ aago. Ọmọ náà fọ ọwọ́, mo fa ìlà. Ó ka orúkọ, mo fa ìlà. Ó ka ìwé tó wà ní ìdí ibùsùn, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ìtọ̀ ìyá náà fi ṣúgà púpọ̀ hàn ní ọ̀sán, mo tún fa ìlà. Ó mú ìgò oògùn, mo sì ti gbé bírò sókè láti fa ìlà kẹrin nígbà tí ó dúró. Ìyá aláṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ tu itọ́ sínú agolo wàrà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni. Ọmọ náà wò ó, ó rọra dá ìgò oògùn padà sórí àwo, ó bi ìyá bóyá wọ́n jẹun ọ̀sán. Ìyá ní òun jẹun, kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí ìyá, ó fi kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó sì yíjú sí mi pé òun fẹ́ gba ìtọ̀ tuntun kí òun tún un yẹ̀ wò.

Mo sọ fún un pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sàn-án, ó sì wà nínú ìwé. Mo rán an létí pé àkókò ń lọ. Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n òun kò ní gún un láìtún ìtọ̀ yẹ̀ wò. Ó wá dúró síbẹ̀, ó mú ọwọ́ ìyá dání, ó ń wo ìka rẹ̀ bí ẹni ń wo aṣọ tó fẹ́ rà, títí aago mi fi dún. Mo kọ ọ̀rọ̀ méjì sí ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà pẹ̀lú bírò pupa: Kò yege. Mo fọwọ́ sí i. Kí àkókò oògùn má baà fo ìyá aláṣọ, èmi fúnra mi fọ ọwọ́, mo fa oògùn náà, mo lé afẹ́fẹ́ jáde, ó mọ́ bí èyí tó wà nínú ìwé. Bí mo ṣe máa yíjú padà, ọmọ Kuta ti dúró sáàárín èmi àti ibùsùn.

“Mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì gún un.”

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó sọ irú rẹ̀ fún mi rí. Mo bi í bóyá ó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò kúrò lójú ọ̀nà. Ó ní, “Ìyá ń gbààwẹ̀, mà.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Agolo yẹn, mà. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ni wọ́n ti ń tutọ́ sí i bí aláàwẹ̀.”

“Gbogbo Ìwó ló ń tutọ́ lóṣù yìí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Èmi náà ń gbààwẹ̀. Ṣùgbọ́n ara mi gbẹ ni. Ara ìyá tutù, ó sì ń làágùn, ìka wọn ń gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ òjò ló ń rọ̀ yìí. Kì í ṣe ààwẹ̀ nìkan ló ń ṣe wọ́n.”

Mo fi ìbínú fọwọ́ kan ìyá aláṣọ kí n lè fi hàn pé irọ́ ni. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ mi kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó rin gbindin. Ó yẹ kí ẹ mọ bí ó ti rí lára mi. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ aáfà, èmi tí mo ń gbé itọ́ mì láti àárọ̀, tí mo mọ bí ara aláàwẹ̀ ti ń rí ní ìrọ̀lẹ́, mo ti rí agolo náà. Mo rí i kí ọmọ náà tó rí i. Ó ti mọ́ mi lójú jù, n kò sì kà á sí nǹkan kan. Ọmọ náà ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín àárọ̀ wà níbẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán wà níbẹ̀, ìyá fi gèlè bò wọ́n, kò fọwọ́ kàn wọ́n. Abẹ́rẹ́ àárọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nínú ara ẹni tí kò jẹ nǹkan kan, òmíràn ló sì wà lọ́wọ́ mi yẹn.

Ìyá wọ́ọ̀dù ti gbọ́ ohùn wa, ó dé. Ó gba abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Ọmọ náà gba ìtọ̀ tuntun, ó kán an sínú oògùn aláwọ̀ búlúù tí a ń lò láyé ìgbà náà, ó sè é lórí iná. Bí ṣúgà bá wà níbẹ̀, àwọ̀ náà á yí, á di àwọ̀ ewé, á di àwọ̀ ìyeyè, títí á fi pọ́n bíi bíríkì. Ti ìyá aláṣọ kò yí rárá. A wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé ìtọ̀ tó ti wà nínú póò láti òru ni ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ fi ṣe ti ọ̀sán. Ìyá wọ́ọ̀dù ní kí wọ́n po ṣúgà sómi kíákíá. Ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú fọ́ọ̀mù mi ló wá ṣẹlẹ̀: ìyá aláṣọ pa ẹnu dé nígbà tí wọ́n gbé ife omi ṣúgà wá.

Ó ní láti ìgbà tí òun ti wà ní ọmọge, òun kò fọ́ ààwẹ̀ rí kí egbò yìí tó gbé òun dé ibí. Àwọn ẹgbẹ́ òun ní ọjà ń gbà á, òun sì ti fi ọjọ́ mélòó kan jẹun bí ọmọdé nínú oṣù alápọ̀ńlé, ojú ti ń ti òun. Ó kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀, òun á dúró. Ahọ́n rẹ̀ ti ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu bó ti ń sọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí bàbá mi kọ́ wa, pé Ọlọ́run ti yọ̀ǹda fún aláìsàn láti jẹun. Ìyá aláṣọ wò mí, ó ní, “Ọmọ aáfà, o mọ̀ ọ́n sọ. Ìwọ náà mu omi ká rí ọ.” Ìyá wọ́ọ̀dù mí kanlẹ̀, ó ní à ń gba òròmọdìyẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kí òun lọ sí ààtàn lọ jẹ̀. Bí wọ́n bá sì fi ipá da omi náà sí ẹnu ẹni tí kò fẹ́ gbé e mì, ó lè gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Ọmọ Kuta gbé ife náà, ó kúnlẹ̀ sí ìdí ìrọ̀rí. Ohùn rẹ̀ kò le.

“Ìyá, ẹ ó san án.”

“Kí ni n ó san?”

“Ààwẹ̀ òní. Bí oṣù bá tán, tí ara yín bá le, tí dókítà bá gbà, ẹ ó gbà á padà. Ẹni tó bá wà láàyè ló ń san ààwẹ̀, ìyá. Òkú kì í san.”

“Ọmọ gàrí,” ni ìyá aláṣọ wí, nítorí ọmọ náà ti sọ iṣẹ́ ìyá rẹ̀ fún un rí, “ẹnu rẹ mú ju abẹ́rẹ́ lọ.” Ó la ẹnu. Ó mu ún tán, ó tún béèrè òmíràn. Kò pẹ́ tí òógùn náà fi gbẹ, ọwọ́ rẹ̀ dẹ́kun gbígbọ̀n, ó sì ń bá wa jà pé mọ́ínmọ́ín òun ti tutù. A rán ẹnì kan sí dókítà, ó ní kí wọ́n má gún abẹ́rẹ́ ìrọ̀lẹ́ náà, kí wọ́n sì máa yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò títí di ọjọ́ kejì.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀, àfi ìgbà tí mo wo ọwọ́ mi, tí mo rí fọ́ọ̀mù náà. Ìlà mẹ́ta péré ni mo fà nínú ogún. Kò yege ló wà nísàlẹ̀, bírò pupa, pẹ̀lú orúkọ mi. Òfin ni pé a kì í pa ohun tí a bá ti kọ síbẹ̀ rẹ́. Ọmọ náà rí i bí mo ti ń wò ó. Kò bẹ̀ mí. Ó kó àwo oògùn, ó lọ fọ̀ ọ́.

Kí n sọ òtítọ́: ọ̀nà àbùjá kan wá sí mi lọ́kàn. Mo lè sọ fún ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ pé ara aláìsàn yí padà láàárín ìdánwò, kí wọ́n fún ọmọ náà ní aláìsàn mìíràn. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ pé èmi ni mo gbé abẹ́rẹ́ dání. Mo gbé ìmọ̀ràn yìí lọ bá ìyá wọ́ọ̀dù nínú yàrá rẹ̀. Níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, “ẹ” ló máa ń lò fún mi, ṣùgbọ́n àwa méjì la wà níbẹ̀. Ó ní, “Ìwọ lo kọ ọ́. Ìwọ náà ni kó o lọ sọ pé o ṣì í. Bí wọ́n bá fún un ní aláìsàn mìíràn, tó bá yára, tó yege, kí lo máa sọ pé ó kọ́?”

Lọ́jọ́ kejì, mo kọ gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù náà, láti agolo wàrà títí dé ọrùn tó rin gbindin. Mo kọ ọ́ pé èmi ti fa oògùn, akẹ́kọ̀ọ́ ló dá mi dúró. Ọ̀gá àgbà wa le, kò sì fẹ́ràn kí a máa yí ìwé padà. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe ọmọ náà, kò bi í ní ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo nínú ogún. Ó ní kó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí láti ìgbà tó ti wọ wọ́ọ̀dù, àti ìdí tó fi ṣe ohun tó ṣe. Ọmọ tí mo ń pè ní aláìyára sọ ọ́ létòlétò, kò fi ìkejì ṣáájú ìkíní, kò sì bú mi, kò yin ara rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá bi í pé kí ni ì bá ṣe ká ní mo ti í kúrò lọ́nà, ó ní òun ì bá ké sí ìyá wọ́ọ̀dù. Ó tún ní, “Mo mọ̀ pé wọ́n máa lé mi, mà. Ṣùgbọ́n ìyá ń gbọ̀n.”

Ọ̀gá àgbà kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí abẹ́ tèmi pé akẹ́kọ̀ọ́ náà yege, ó sì fọwọ́ sí i. Ó ní kí ọmọ náà máa lọ. Ó wá yíjú sí mi. “Olùkọ́,” ó ní, “mélòó ni ká wá fún ìwọ?” Ìyà tó fi jẹ mí ni pé kí n padà sí wọ́ọ̀dù, kí n jókòó ti ìyá wọ́ọ̀dù fún oṣù kan, kí n sì kọ fọ́ọ̀mù tuntun. Oṣù yẹn ni mo tó mọ̀ pé ohun tí mo ti ń pè ní ìtàkúrọ̀sọ ni iṣẹ́ tó ṣòro jù lọ nínú ìkọ́ni: láti mọ ohun tó ń lọ nínú ọpọlọ ọmọ kan nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. A kò ju ogún ìlà náà nù, nítorí ẹni tí kò fọ ọwọ́ lè pa aláìsàn bákan náà. Ṣùgbọ́n a fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ rí, fún ohun tó rò, àti fún ìdí tó fi dúró bó bá dúró. A sì gba aago kúrò lọ́wọ́ mi.

Ọmọ Kuta jáde ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé gàrí wá fún mi lọ́jọ́ náà, ó ń dúpẹ́ pé mo bá òun tọ́jú ọmọ òun, n kò sì mọ ibi tí mo máa fi ojú sí. Kí n tó fẹ̀yìn tì, ọmọ náà ti di ẹni tó ń ṣe àkóso wọ́ọ̀dù ní ìlú mìíràn. Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti ìgbà náà, àwọn kan nínú wọn sì yára bí àṣá, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n mú ẹni tí yóò tọ́jú mi bí àìsàn bá dá mi dùbúlẹ̀, òun ni màá pè.

Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n fi sípò láti dán ẹlòmíràn wò, ìbáà ṣe nínú kíláàsì, ìbáà ṣe ní ìsọ̀ tí ẹ ti ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ọwọ́. Bí ọmọ kan bá dúró níbi tí ẹ rò pé ó yẹ kó tẹ̀ síwájú, ẹ má yára kọ ọ́ pé kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ gbójú kúrò lórí ìwé, kí ẹ wo ẹni tí iṣẹ́ náà wà fún. Ara ọmọ tí mo fẹ́ lé lọ sílé ni mo ti kọ́ ọ. Ẹ má dúró de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó kọ́ tiyín.